Ọ̀kẹ́rẹ́ àti igi eléso ẹ̀yìnkùlé: ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí, àti ìdáhùn

Igi mẹ́sàn-án ló wà lẹ́yìnkùlé wa n'Íbàdàn: ìbẹ́pẹ mẹ́ta, àgbọn méjì, máńgòrò kan, àgbálùmọ̀ kan, píà kan, àti ìyeyè kan tí àwùsá gùn. Ọdún tí máńgòrò yẹn kọ́kọ́ so dáadáa, mo ka mẹ́rìnlá tó ti ń pọ́n lórí ẹ̀ka ìsàlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀. Mo ní ká fi wọ́n sílẹ̀ di Àìkú, kí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lè bá wọn níbẹ̀. Nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mẹ́ta ló kù, àjẹkù ìyókù wà nílẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ṣe ìnáwó tán. Láti ìgbà náà ni èmi àti ọ̀kẹ́rẹ́ ti ń fà á. Mo ti ṣe èyí tí kò ṣiṣẹ́, mo ti ṣe èyí tó ṣiṣẹ́, àwọn ará àdúgbò àti ẹbí tó wà lókè òkun sì ti sọ mí di ẹni tí wọ́n ń pè bí nǹkan bá ti jẹ èso wọn. Ìbéèrè wọn ni mo kó jọ síbí.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ọ̀kẹ́rẹ́ ni, kì í ṣe àdán tàbí eku?

Ẹ kọ́kọ́ wo àsìkò. Ọ̀kẹ́rẹ́ kì í rìn lóru. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́, òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló sì máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́ jù. Bí oòrùn ọ̀sán bá mú, a wọ ihò igi tàbí àárín ewé lọ sinmi. Torí náà, bí èso yín bá pé nígbà tí ẹ ti ilẹ̀kùn lálẹ́, tó wá dín nígbà tí ẹ ṣí i ní ìdájí, ẹ má fẹ̀sùn kan ọ̀kẹ́rẹ́. Àdán ni, tàbí eku, tàbí ọmọ aládùúgbò.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ojú eyín. Eyín iwájú ọ̀kẹ́rẹ́ mú, ó sì fẹ̀ díẹ̀, nítorí náà ibi tó ti jẹ máa ń ní ilà wẹ́wẹ́ méjì-méjì, àfi bíi pé káfíńtà ló gbẹ́ ẹ. Àdán kì í jẹun bẹ́ẹ̀. Àdán a máa fi ẹnu fún omi inú èso mu, a sì tu ìgàn rẹ̀ dànù. Bí ẹ bá rí ìgàn pelebe tó ti gbẹ lábẹ́ igi, tàbí tó lẹ̀ mọ́ ògiri tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, àdán ti wá nìyẹn. Ẹni tó bá ti gbé ní Ifẹ̀ rí kò ní jiyàn: àwọn àdán tó ń so rọ̀ lórí igi ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pọ̀ débi pé bí wọ́n bá gbéra lọ wá oúnjẹ ní ìrọ̀lẹ́, ojú ọ̀run á ṣú. Eku ilé àti ọ̀kẹ́tẹ́ náà ń jẹ lóru, wọ́n sì máa ń fi ìgbẹ́ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti jẹun. Ti ẹyẹ ni ihò kan ṣoṣo tó jìn, tí etí rẹ̀ rí ṣákaṣàka.

Ìdí tí mo fi fa èyí gùn ni pé ohun tó ń dá ọ̀kẹ́rẹ́ dúró kì í dá àdán dúró. Mo mọ ẹnì kan tó náwó rẹpẹtẹ de páànù yí ìdí igi gúáfà rẹ̀ ká kí ọ̀kẹ́rẹ́ má baà rí i gùn, tó jẹ́ pé àdán ló ń jẹ ẹ́ láti ọjọ́ yìí wá. Àdán ò bá páànù ṣọ̀tá. Apá ló fi ń fò.

Ohun kan tún kù: ariwo. Ọ̀kẹ́rẹ́ kì í lè pa ẹnu mọ́. Bó bá rí ológbò, bó bá rí ejò, bó bá rí ẹ̀yin gan-an, á bẹ̀rẹ̀ sí í han, ìrù rẹ̀ á sì máa jó. Àwọn bàbá wa kò ṣàdédé fi í ṣe aláròyé nínú ìtàn.

Ṣé ọ̀kẹ́rẹ́ àti ikún kì í ṣe nǹkan kan náà?

Ìbátan ni wọ́n, ilé wọn yàtọ̀. Ikún ń gbẹ́ ihò sílẹ̀ gbé, ilà funfun kan wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, irun rẹ̀ sì le. Òun ni àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn àti Ògbómọ̀ṣọ́ ń bá jà lórí ẹ̀pà àti àgbàdo. Kì í sábà gun igi. Ikún tó ń jọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń rèdí nínú òwe, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti délẹ̀ ló ń jẹ. Bó bá jẹ́ ikún ni tiyín, ẹ máa ṣa èso tó bá já lójoojúmọ́, kí ẹ sì dí ihò tó wà létí ògiri. Páànù ara igi kò kàn án.

Ọ̀kẹ́rẹ́ gan-an kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Èyí tí mo sábà ń rí kéré, ilà gùn lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó tóbi jù ú lọ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n, máa ń wà níbi tí igi ńlá bá pọ̀ sí. Ohun kan náà la fi ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn méjèèjì.

Kí ló dé tó fi máa ń bu mẹ́wàá jẹ, tí kò ní jẹ ọ̀kan tán?

Ara wa ló máa ń ta sí èyí jù! Nígbà mìíràn, òǹgbẹ ló ń gbẹ ẹ́, omi inú èso ló wá mu, pàápàá lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀. Nígbà mìíràn, ó ń wá èyí tó dùn jù ni. Àti pé eyín iwájú rẹ̀ kì í dẹ́kun gígùn títí ọjọ́ ikú rẹ̀, dandan ni kó máa rí nǹkan gé kó lè máa jẹ dànù. Mo ti gbé abọ́ omi sí ìdí fẹ́ǹsì ní oṣù Èrèlé rí. Ó dín in kù díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn àti adìyẹ ìyá kan ní òdìkejì ló jẹ àǹfààní rẹ̀ jù, mo bá gbé e kúrò.

Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ gbé àga síta. Mi ò ṣàwàdà. Ní nǹkan bí aago méje òwúrọ̀, ẹ jókòó síbi tí ẹ ti lè rí igi náà láti ìdí dé orí, ẹ mú tíì yín dání, kí ẹ sì máa wo ibi tí ọ̀kẹ́rẹ́ ń gbà dé. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó ná kọ́bọ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú gbogbo wàhálà mi nìyí: ọ̀nà ni ká dí, ẹ jẹ́ ká fi ẹranko sílẹ̀. Bí ẹ bá lé ọ̀kẹ́rẹ́ kan lọ, òmíràn á gba ààyè rẹ̀ kí oṣù tó yí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá dí, ó dí mọ́ gbogbo wọn. Ọ̀nà tó sì lè gbà kò ju mẹ́rin lọ: ìdí igi, orí fẹ́ǹsì, òrùlé, àti ẹ̀ka igi mìíràn. Bí wáyà iná bá gba itòsí igi yín kọjá, ẹ kà á mọ́ ọn, ó di márùn-ún.

Odidi oṣù kan ni mo fi ń dá ìdí máńgòrò mi lóró kí n tó mọ̀ pé orí páànù ilé ìdáná ni ọ̀kẹ́rẹ́ ti ń bọ́ sí i. Àga yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀.

Báwo ló ṣe ń fò jìnnà tó? Ọ̀kẹ́rẹ́ eléérú ti Amẹ́ríkà, tí àwọn onímọ̀ ti wọ̀n dáadáa, lè fò tó nǹkan bíi mítà 2.5 láti orí nǹkan kan sórí òmíràn, ó sì lè fò sókè láti ilẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 1.2 sí 1.5. Tiwa kò tóbi tó o, ṣùgbọ́n mo máa ń fi òṣùwọ̀n tirẹ̀ ṣiṣẹ́, kó má baà jẹ́ pé sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ ni màá fi jìyà. Ìyẹn ni pé kí ẹ̀ka kankan má sún mọ́ òrùlé, fẹ́ǹsì tàbí igi mìíràn tó mítà 2.5. Bó bá lè jẹ́ mẹ́ta, ó dáa jù bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi ayùn gé ẹ̀ka, ẹ má fi àdá ṣá a. Kí ẹ kọ́kọ́ fi ayùn gé e díẹ̀ láti abẹ́, kí ẹ tó gé e láti òkè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìwúwo ẹ̀ka náà á ya èèpo bọ́ lára igi. Ẹ ṣe é lẹ́yìn tí ẹ bá ti ká èso tán. Ẹ̀ka tó bá wà nítòsí wáyà iná, ẹ má fọwọ́ kàn án fúnra yín, àní bí ẹ bá rò pé kò sí iná. Ẹ̀yin náà mọ bí iná wa ṣe ń dé.

Páànù wo ni kí n rà, báwo ni mo sì ṣe máa dè é?

Páànù pẹlẹbẹ tó ń dán, kì í ṣe èyí tó rí wàwù-wàwù, nítorí èékánná á rí ibi dì mú lára ìyẹn. Ẹni tó ń rọ páànù láàárín ọjà á gé e fún yín. Kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60 láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó sì gùn tó láti yí ìdí igi ká, kí etí kan gun orí èkejì ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10.

Ẹ gbé e ga. Bí etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá wà ní mítà kan péré sílẹ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ á fò ré e kọjá. Mítà 1.8 ni mo máa ń gbé e dé. Ẹ sì wò yíká: àpótí, bùlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò jọ, dúrọ́ọ̀mù omi, ohunkóhun tó lè gùn láti fò sókè, ẹ kó o kúrò.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣe àṣìṣe ni dídè rẹ̀. Ẹ má kan ìṣó mọ́ máńgòrò, píà tàbí àgbálùmọ̀. Wáyà ni kí ẹ fi dè é lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ sì fi sípíríǹgì kékeré sáàárín wáyà náà (ti bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ dára) kó lè máa fẹ̀ bí igi bá ń sanra. Bí kò bá sí sípíríǹgì, ẹ máa tú wáyà náà lọ́dọọdún kí ẹ tún un dè. Oúnjẹ tí ewé ń sè ń gba abẹ́ èèpo sọ̀kalẹ̀ lọ sí gbòǹgbò. Bí wáyà bá wọ inú èèpo yíká, ó ti fún igi lọ́rùn nìyẹn. Kò ní kú lójijì. Á kàn máa rù, ẹ ò sì ní mọ ohun tó ń ṣe é.

Àgbọn yàtọ̀. Ìtì rẹ̀ kì í sanra lọ́dọọdún bíi ti máńgòrò, nítorí náà ìṣó kéékèèké méjì mẹ́ta kò ní pa á. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn olóko àgbọn káàkiri ayé ti ń de páànù mọ́ ọn nítorí eku tó ń lu àgbọn tútù níhò. Bí ẹ bá fẹ́ rí páànù tó ṣiṣẹ́ láìsí ariwo, ara àgbọn ni kí ẹ ti lọ wò ó: igi tó ga, tí kò lẹ́ka, tó dá dúró.

Bí páànù bá dípẹtà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, nítorí ìpẹtà máa ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ rí nǹkan dì mú. Ẹ máa yẹ abẹ́ rẹ̀ wò fún ikán nígbàkígbà. Igi tí ẹ̀ka rẹ̀ bá sì ti bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ kò ṣeé de páànù mọ́. Ọ̀rọ̀ irú igi bẹ́ẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Ìbẹ́pẹ ńkọ́? Ara rẹ̀ rọ̀.

Ẹ má lu ìṣó mọ́ ọn rárá. Inú rẹ̀ ṣófo, ojú ìṣó yẹn ni yóò ti máa jẹrà. Ẹ ká páànù náà mọ́ ọn láìfún un, kí ẹ fi okùn rírọ̀ so ó. Tàbí kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin, èyí tí ihò rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà kan àti díẹ̀ lọ, yí àwọn èso tó ti ń gbó ká. Àpò ìrẹsì àti àpò àlùbọ́sà máa ń dá a dúró fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà á fi eyín ya á. Ẹ má lo làílọ́ọ̀nù: ooru á mú èso náà, á sì rà kó tó pọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe ti odi ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ṣé mo lè ká a kó tó pọ́n?

Bẹ́ẹ̀ ni, èyí ló sì ti gba èso mi là ju gbogbo páànù lọ. Ọ̀pọ̀ èso kò nílò láti pọ́n lórí igi. Kó gbó ni a fẹ́. Gbígbó àti pípọ́n kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ìbẹ́pẹ: bí ẹ bá ti rí ilà òfeefèé kan tàbí méjì lára rẹ̀, ẹ já a. Á pọ́n nínú ilé láàárín ọjọ́ díẹ̀, adùn rẹ̀ kò sì ní dín tó ohun tí ẹ máa ṣàkíyèsí. Máńgòrò: ẹ wo èjìká rẹ̀ níbi tó ti so mọ́ igi. Bí èjìká yẹn bá ti kún tó ga ju ojú ibi tó ti so mọ́ igi lọ, ó ti gbó. Ẹ ká a, kí ẹ jẹ́ kí oje rẹ̀ ro dànù (oje yẹn a máa jó ara), kí ẹ tò ó sínú apẹ̀rẹ̀, ẹ fi ìwé ìròyìn bò ó.

Píà ló yà mí lẹ́nu jù. Kì í rọ̀ lórí igi rárá. Bó ti wù kó pẹ́ tó níbẹ̀, ìgbà tí ẹ bá já a ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Nítorí náà kò sí ohun tí ẹ ń dúró de. Ẹ já ọ̀kan wò, bó bá rọ̀ dáadáa láàárín ọ̀sẹ̀ kan láìhunjọ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti tó já.

Àgbálùmọ̀ nìkan ló ń bá mi ṣe agídí. Gbogbo wa la mọ̀ pé èyí tó bá fúnra rẹ̀ já ló dùn. Èyí tí wọ́n fi ọ̀pá já máa ń kan gógó, oje rẹ̀ á sì lẹ ètè pọ̀. Ohun tí mo ń ṣe nípa tirẹ̀ ni páànù àti gígé ẹ̀ka, kí n sì jí ní kùtùkùtù láti ṣa èyí tó já lóru, kí ọ̀kẹ́rẹ́ tó jí. Láti oṣù Ọ̀pẹ títí di nǹkan bí oṣù Igbe, ẹni tó bá pè mí ní aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀, ìdí àgbálùmọ̀ ló máa bá mi.

Wọ́n ní ata ń lé e. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ díẹ̀ ni. Ata ń ta ẹranko tó ń fún ọmọ lọ́mú gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ta wá, ọ̀kẹ́rẹ́ sì wà lára wọn. Kì í ta ẹyẹ ní tirẹ̀. Adìyẹ á ṣa ata wẹ́wẹ́ jẹ láìmi orí. Ẹ lọ ata wẹ́wẹ́ kún ọwọ́ méjì, ẹ sè é nínú omi, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ kán ọṣẹ olómi díẹ̀ sí i kó lè lẹ̀ mọ́ èso, kí ẹ wá fọ́n ọn. Òjò kan ṣoṣo ló máa fọ gbogbo rẹ̀ dànù, nítorí náà asán ni lásìkò òjò. Fún máńgòrò oṣù Ẹrẹ́nà, ó lè ràn yín lọ́wọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tó le jù. Ẹ fọ èso náà dáadáa kí ẹ tó jẹ ẹ́. Ẹ sì wo ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí kí ẹ tó fọ́n nǹkan. Èmi kò wò ó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìyàwó mi ló fọ ojú mi.

Agolo, sídìí àtijọ́, ère tí wọ́n wọ̀ láṣọ, ajá, ológbò?

Agolo àti sídìí: ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún. Ère: mo rí ọ̀kẹ́rẹ́ tó jókòó lé e lórí. Ọ̀kẹ́rẹ́ tó ti gbọ́ jẹnẹrétọ̀ àdúgbò wa kò sí ariwo tó máa bà á lẹ́rù. Ajá tó ń sùn síta ń ṣe dáadáa bí igi bá dá wà, nítorí ó máa ń jẹ́ kí ọ̀kẹ́rẹ́ bẹ̀rù láti sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀ka bá kan òrùlé, òkè lókè ló máa gbà, ajá á máa gbó lásán. Ológbò ń pa ọmọ rẹ̀, ó sì ń pa ẹyẹ àti alángbá mọ́ ọn.

Bàbá mi ní tiwọn fi ààlè kọ́ igi náà: àkísà pupa, ṣùkù àgbàdo, ìgbálẹ̀ tó ti gbó. Láti ọjọ́ náà, ọmọ aládùúgbò kò tún já ìbẹ́pẹ kan mọ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ kò mọ ààlè ní tirẹ̀.

Ṣé kí n fi oògùn sínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún un?

Rárá. Ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ tó jẹ májèlé kì í kú síbi tó ti jẹ ẹ́. Á kú sí àgbàlá ẹlòmíràn, ọmọ tó bá rí i lè gbé e lọ sílé kí wọ́n yan án, tàbí kí ajá àti òwìwí jẹ ẹ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn náà, ta ló máa sọ fún ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta pé májèlé ni? Oògùn apakòkòrò tí àwọn èèyàn ń dà sí nǹkan báyìí ti pa èèyàn débi pé NAFDAC fòfin de títà dichlorvos inú ìgò kéékèèké ní ọdún 2019. Girísì tí àwọn kan ń kùn mọ́ ìdí igi náà kò dára: ó ń ba èèpo jẹ́, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ẹyẹ.

Tàkúté ńkọ́? Àbí kí n ní kí àwọn ọmọ fi rọ́bà ta á?

Ọ̀kẹ́rẹ́ gun orí ìrókò, ojú ọdẹ dá. Ọmọ tó ń fi rọ́bà ta á á fọ́ gíláàsì ọkọ̀ yín kó tó bà á. Tàkúté lè mú ọ̀kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n mo ti sọ pé òmíràn á gba ipò rẹ̀.

Àwọn kan wà tó ń jẹ ẹ́, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ lásán kan èyí tó wà láàyè tàbí èyí tí ẹ bá ní òkú. Ní 1985, inú ọ̀kẹ́rẹ́ igbó kan ní Zaire, tó ń jẹ́ Kóńgò nísinsìnyí, ni àwọn onímọ̀ ti rí kòkòrò àrùn mpox (èyí tí wọ́n ń pè ní monkeypox tẹ́lẹ̀). Ní 2003, àwọn ẹranko tí wọ́n kó láti Gánà lọ sí Amẹ́ríkà láti tà, tí ọ̀kẹ́rẹ́ wà lára wọn, ló gbé àrùn yìí débẹ̀.

Èso tó ti bù jẹ, ṣé mo lè gé ibẹ̀ kúrò kí n jẹ ìyókù?

Ẹ jù ú nù. Bí ẹ bá fojú ara yín rí ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń jẹ ẹ́ ní ọ̀sán, ẹ kò rí eku tó lè ti kọjá lórí rẹ̀ ní òru. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ni ibà Lassa ń bá rìn. Ìlú Lassa ní Bọ̀rnó ni àìsàn náà ti gba orúkọ ní 1969, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí wa: ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára ibi tó ti ń jà jù, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ń gbé aláìsàn wọn lọ. Èyí tó bá já sílẹ̀ láìlábàwọ́n, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ bó o.

Mo ní kòkó díẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ó ń lu pódì níhò.

Ohun dídùn tó yí hóró ká ló ń wá. Ihò yẹn burú ju hóró tó jẹ lọ, nítorí ibẹ̀ ni òjò ń gbà wọlé tí àrùn pódì dúdú fi ń ràn. Ẹ máa ká kòkó ní kíákíá bó bá ti ń pọ́n, lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ẹ má dúró kí gbogbo rẹ̀ pọ́n pọ̀. Pódì tó ti lu, ẹ ká a kúrò lórí igi kí ẹ sì rì í mọ́lẹ̀ níbi tó jìnnà.

Àwùsá mi ń so, èmi kì í rí i jẹ.

Okùn ni àwùsá, igi tó gùn ni kí ẹ dáàbò bò. Bí ìyeyè tó gbé e bá ní páànù, tí ẹ sì gé okùn àwùsá tó ti nà lọ sórí igi mìíràn, ọ̀nà ti dí. Ṣùgbọ́n ìdí okùn náà gan-an ń gòkè láti ilẹ̀, àkàbà ọ̀kẹ́rẹ́ sì ni! Ẹ jẹ́ kó gba abẹ́ páànù kọjá, kí ẹ má ṣe dè é gírígírí. Ẹ ṣa èyí tó bá já lójoojúmọ́ lásìkò òjò. Èyí tí ọ̀kẹ́rẹ́ bá rì mọ́lẹ̀ tó gbàgbé á hù níbi tí ẹ ò rò. Méjì ti hù bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ mi, mo sì fún àbúrò mi kan ní ọ̀kan.

Ẹ̀gbọ́n, Houston ni mo wà. Igi pecan ńlá méjì wà nílé tí mo rà, ọ̀kẹ́rẹ́ kì í jẹ́ kó kù.

Ẹ kú oríire ilé. Pecan, igi tí wọ́n ń jẹ hóró inú èso rẹ̀, kì í ṣe àlejò níbẹ̀, òun ni igi ìpínlẹ̀ Texas láti 1919, ọ̀kẹ́rẹ́ sì ti wà pẹ̀lú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni wa tó dé. Ohun tó yẹ kí o mọ̀ ni pé pecan máa ń so púpọ̀ lọ́dún kan, kó sì so díẹ̀ lọ́dún kejì. Lọ́dún tó bá so díẹ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ lè jẹ ẹ́ tán. Lọ́dún tó bá so púpọ̀, á kù fún ẹ. Láti ìparí ìgbà ooru, kí èèpo rẹ̀ tó là, ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀.

Bí igi náà bá dá wà, páànù sẹ̀ǹtímítà 60 ní mítà 1.8, kí o sì gé ẹ̀ka tó kan òrùlé àti fẹ́ǹsì onípákó. Bí ẹ̀ka rẹ̀ bá wọnú ti oak aládùúgbò, má ṣòfò owó. Kàn máa ṣa èyí tó já lójoojúmọ́ ní October àti November, má fi sílẹ̀ di òpin ọ̀sẹ̀. Àwo oúnjẹ ẹyẹ tí o gbé kọ́ síbẹ̀, gbé e kúrò. Ìwọ lo ń bọ́ wọn. Bí o bá ní igi peach kékeré, gé e kó má ga jù ọ́ lọ, kí o sì fi nẹ́ẹ̀tì onírin yí i ká.

Má mú ọ̀kẹ́rẹ́ kí o lọ tú u sílẹ̀ ní páàkì. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ló ní òfin lórí ìyẹn. Pe ọ́fíìsì ẹranko igbó ìpínlẹ̀ rẹ kí o tó ra tàkúté.

Ìlú Ọba ńkọ́?

Òfin tibẹ̀ tún le sí i. Láti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kó ọ̀kẹ́rẹ́ eléérú wá sí England, ní 1876, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lé ọ̀kẹ́rẹ́ pupa tó jẹ́ onílé tán ní ọ̀pọ̀ ibi. Nítorí náà, bí ẹ bá mú eléérú, òfin kò gbà yín láyè láti tún un tú sílẹ̀. Pupa ní tirẹ̀, òfin ń dáàbò bò ó. Ẹ jókòó lé nẹ́ẹ̀tì onírin yín. Igi hazel inú ọgbà kékeré, tí ẹ ò bá fi nǹkan bò ó, kí hóró rẹ̀ tó gbó ni wọ́n máa ti kó o lọ.

Mo fẹ́ gbin igi tuntun. Kí ni kí n ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀?

Ẹ gbìn ín jìnnà sí fẹ́ǹsì àti òrùlé. Ẹ ro bó ṣe máa fẹ̀ tó ní ọdún mẹ́wàá, kì í ṣe bó ṣe rí nínú ike tí ẹ rà á. Ẹ ra ọmọ igi tí wọ́n ti so ẹ̀ka igi àgbà mọ́ ìdí rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń tà ní NIHORT, ilé ìwádìí èso àti ẹ̀fọ́ tó wà ní Ìdí-Ìṣin n'Íbàdàn láti 1975. Irú igi bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kó tó so, kì í sì í ga bíi ti hóró. Igi kúkúrú kò ṣeé de páànù mọ́, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ yín á tó èso rẹ̀: ẹ lè fi nẹ́ẹ̀tì bò ó, ẹ sì lè ká a lọ́jọ́ tó bá gbó. Bí mo bá tún fẹ́ gbin máńgòrò lónìí, kúkúrú ni màá gbìn. Èyí tí mo ní báyìí, èmi náà kì í dé orí rẹ̀.

Ẹ̀ka igi aládùúgbò mi ni ọ̀kẹ́rẹ́ ń gbà wọlé, kò sì gbà kí n gé e.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀kẹ́rẹ́ mọ́. Ti èmi náà rí bẹ́ẹ̀: igi fúrúùtù ìyá àgbàlagbà kan, tó na ọwọ́ kan sórí píà mi. Ìgbà mẹ́ta ni mo lọ, ìgbà mẹ́ta ni wọ́n ní ọkọ àwọn tó ti dolóògbé ló gbìn ín. Ìgbà kẹrin, mo gbé abọ́ píà lọ, mi ò mẹ́nu kan ẹ̀ka. Wọ́n bi mí pé kí ló dé tó jẹ́ mẹ́fà péré. Mo sọ fún wọn. Wọ́n wo òkè fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní kí n gbé ayùn wá lọ́jọ́ Sátidé, ṣùgbọ́n ẹ̀ka yẹn nìkan, àti pé kí n kó igi ìdáná rẹ̀ fún àwọn.